Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Ṣọ́ Sáfà Nínú Cloud

Ìwọ ọmọ mi tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, gbọ́. Láyé tiwa, inú yàrá kan ní ọ́fíìsì ni sáfà ń gbé. Bí dísíìkì bá fẹ́ kú, etí wa á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí ó tó kú. Sáfà tìrẹ wà ní Cape Town, tàbí ní Ireland, tàbí ní Virginia; o ò rí i rí, o ò sì ní rí i. Kò sí bí o ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ ò dá, àfi bí o bá ti ṣòfin sílẹ̀ pé bí nǹkan bá rí báyìí, kí wọ́n ké sí ọ. Òfin yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, àti bí a ṣe ń fi àṣẹ tí a fọwọ́ tẹ̀ lójú tẹ́mínà gbé e kalẹ̀.

AWS ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun lọwọ́ mi mọ́ jù. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa tó bí àwọn èèyàn ṣe rò: Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, ni ikọ̀ tí Chris Pinkham darí ti kọ́ EC2, tó jáde sí gbangba ní 2006. CloudWatch tó ń ṣọ́ ọ dé ní 2009. Bí Azure tàbí Google Cloud lo bá ń lò, máa gbọ́ lọ. Orúkọ àṣẹ ló yàtọ̀, ìwà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

1. Mọ ibi tí o dúró sí kí o tó pàṣẹ.

Tẹ `aws sts get-caller-identity`, kí o sì tẹ `aws configure list`. Èkíní á sọ àkáǹtì tí o wà nínú rẹ̀ fún ọ, èkejì á sọ agbègbè tí àṣẹ rẹ ń lọ. Aláàmù, ìyẹn òfin tí mò ń sọ, kì í rékọjá agbègbè rẹ̀. Bí sáfà bá wà ní af-south-1 (Cape Town), tí o wá lọ ṣòfin sí eu-west-1 (Ireland), wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ láìbi ọ́ léèrè ohunkóhun. Ẹ̀ka tí wọ́n ṣí sí Èkó ní 2023 pàápàá, abẹ́ Cape Town ló wà: af-south-1-los-1a lorúkọ rẹ̀.

2. Kọ òfin rẹ sínú fáìlì.

Mi ò bú àwọn tó ń fi máòsì tẹ ojú ìwé AWS kiri. Èmi náà máa ń lọ síbẹ̀ lọ wo àwòrán. Ṣùgbọ́n òfin tí a fi máòsì gbé kalẹ̀, ẹni tó gbé e kalẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó rò. Lọ́jọ́ tó bá jápa lọ sí Kánádà, ó ti gbé èrò yẹn dání lọ. Èyí tó wà nínú fáìlì, ẹni tó bá dé lọ́la á kà á, á jiyàn lé e lórí, á sì lò ó fún sáfà tuntun. Bó ṣe rí nìyí:

aws cloudwatch put-metric-alarm \
--alarm-name isanwo-web1-cpu \
--namespace AWS/EC2 --metric-name CPUUtilization \
--dimensions Name=InstanceId,Value=$SAFA \
--statistic Average --period 300 \
--evaluation-periods 3 --threshold 85 \
--comparison-operator GreaterThanThreshold \
--alarm-actions $PAJAWIRI

Má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé: wo bí CPU sáfà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, mú ìpíndọ́gba rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún (ìṣẹ́jú àáyá ni 300 yẹn), bó bá kọjá 85% lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì. Nọ́ńbà sáfà rẹ ni $SAFA dúró fún; $PAJAWIRI ni àdírẹ́sì ìpè tí a máa dá sílẹ̀ ní ìmọ̀ràn kẹjọ.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí o bá tún fi orúkọ kan náà pàṣẹ, tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ká ní o kàn fẹ́ sọ 85 di 90 ni, o wá gbàgbé ìlà --alarm-actions sẹ́yìn. Aláàmù náà wà lóòótọ́, á sì máa pọ́n kuku bí nǹkan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ sí mọ́.

3. Má gba ìdákẹ́ gbọ́.

Bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé èyí. Bí àṣẹ òkè yẹn bá yọrí sí rere, kò ní sọ ohunkóhun fún ọ. Á kàn dá ọ padà sí ibi tí o ti ń tẹ̀wé. Bí o bá sì ṣi nọ́ńbà sáfà kọ, bó ṣe máa dákẹ́ náà nìyẹn. CloudWatch kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí o ní kó máa ṣọ́ wà láyé. Á gbà á bẹ́ẹ̀, á sì máa dúró de ìròyìn tí kò ní dé láéláé.

Ipò mẹ́ta ni aláàmù ń wà: OK, ALARM, àti INSUFFICIENT_DATA. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń pa ọmọdé. Kò pupa, kò sì kígbe, ọmọdé á bá ní kò sí wàhálà, á lọ sùn. Òfin tó wà nípò yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i kò ṣọ́ nǹkan kan rí.

Nítorí náà, kí o tó ṣòfin, tẹ `aws cloudwatch list-metrics --namespace AWS/EC2 --metric-name CPUUtilization`, kí o fojú ara rẹ rí i pé ìwọ̀n (metric) náà wà, kí o sì da àwọn dimension rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n tí agent CloudWatch (màá sọ ọ́ ní ìmọ̀ràn karùn-ún) ń kó wá ni, tún ṣọ́ra sí i: ti dísíìkì máa ń ní path, device àti fstype lára, bí o bá fo ọ̀kan nínú wọn, ìwọ̀n mìíràn tí kò sí níbì kankan lo dárúkọ yẹn. Lẹ́yìn tí o bá ti ṣòfin tán, fi `describe-alarms` wò ó. Má dìde lórí àga títí o fi máa rí OK.

4. Béèrè ohun tí wọ́n fi wọn nǹkan kí o tó fi ààlà sí i.

Dátábéèsì RDS ní ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ FreeStorageSpace, àyè tó ṣẹ́kù lórí dísíìkì. Gbogbo wa ló máa ń fi gígábáìtì sọ̀rọ̀, ọmọdé á wá kọ --threshold 10 pẹ̀lú LessThanThreshold, ó ní bó bá ku gígábáìtì mẹ́wàá kí wọ́n pe òun. Báìtì ni RDS fi ń kà á. Aláàmù yẹn máa dúró dìgbà tí àyè tó kù kò bá gba orúkọ èèyàn kan mọ́. 10737418240 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Aláàmù ọ̀hún á sì máa fi OK hàn ní gbogbo àsìkò yìí o, torí pé ìròyìn ń dé. OK tí mo ní kí o wá lókè yìí nìkan kò tó.

Lambda ń fi mílísẹ́kọ́ǹdù ka àkókò tirẹ̀. Load balancer ń fi sẹ́kọ́ǹdù ka TargetResponseTime. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ahọ́n wọn ò bára mu.

5. Ohun tí AWS kò lè rí, ìwọ ni kí o fi hàn án.

Ìta ni EC2 ti ń wo sáfà rẹ. Ó rí CPU, ó rí ohun tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Kò mọ bí mẹ́mọ́rì ṣe kún tó, kò sì mọ bí dísíìkì ṣe kún tó, torí inú ẹ̀rọ tìrẹ nìyẹn wà. Àfi kí o gbé agent CloudWatch sínú sáfà náà kí ó máa fi mem_used_percent àti disk_used_percent ránṣẹ́.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé dísíìkì tí lọ́ọ̀gì kún bò wà lára ohun tí mo rí tó ń dá iṣẹ́ dúró jù. CPU á tutù nini, dátábéèsì ò sì ní lè kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí àkókò rẹ ò bá ju ti òfin méjì lọ lónìí, fi ọ̀kan ṣọ́ dísíìkì.

6. Pinnu ohun tí àìgbọ́ ìròyìn túmọ̀ sí.

Àṣẹ put-metric-alarm ní ìlà kan tí ọ̀pọ̀ kì í kọ: --treat-missing-data. Mẹ́rin lohun tí o lè fi síwájú rẹ̀: missing, ignore, breaching àti notBreaching. Bí o kò bá kọ nǹkan kan, missing ni wọ́n máa bá ọ mú.

Wo àpẹẹrẹ méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Load balancer ní ìwọ̀n kan tó ń ka àṣìṣe tí sáfà ṣe sí oníbàárà, HTTPCode_Target_5XX_Count. Bí kò bá sí àṣìṣe, kì í kọ òdo sílẹ̀. Kì í kọ nǹkan kan rárá. Níbí, àìgbọ́ ìròyìn dára, notBreaching ló tọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ geere jù lọ ni aláàmù náà á máa sọ pé òun ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni àfipamọ́ dátà tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ní ìparí iṣẹ́ náà, fi ìlà kan kún un tó ń pariwo pé òun ti ṣe tán: `aws cloudwatch put-metric-data --namespace Afipamo --metric-name Asetan --value 1`. Wá ṣòfin pé bí àpapọ̀ rẹ̀ láàárín 86400 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ọjọ́ kan, kò bá tó 1, kí wọ́n pè ọ́. Àmọ́ wò ó: lóru tí iṣẹ́ náà bá kọ̀ tí kò dìde rárá, ta ló máa fi òdo ránṣẹ́? Kò sí. Bí o kò bá kọ breaching síbẹ̀, aláàmù rẹ á kàn dákẹ́ sínú INSUFFICIENT_DATA, o ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí o bá nílò àfipamọ́ yẹn. Ọjọ́ burúkú nìyẹn o.

7. Yan ààlà lẹ́yìn tí o bá ti wo ìṣe sáfà rẹ.

Gbogbo ayé ń kọ 80%, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Fi `get-metric-statistics` wo oṣù kan sẹ́yìn, oṣù kan tó ní ọjọ́ owó oṣù nínú. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìsanwó ni, o mọ̀ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sókè, gbogbo Nàìjíríà ló ń fi owó ránṣẹ́. Ohun tó jẹ́ àìsàn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù lè jẹ́ ara líle ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni EC2 ń kọ ìròyìn rẹ̀ bí o kò bá sanwó ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wá kọ --period 60 sí i, ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú márùn-ún ni kò ní bá nǹkan kan. Bí ìwọ̀n kan bá sì ń fò sókè fò sódò, má ka ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí. Fi --evaluation-periods 5 àti --datapoints-to-alarm 3 sí i, kí ó di pé mẹ́ta nínú márùn-ún ló gbọ́dọ̀ burú.

Ìpíndọ́gba náà máa ń purọ́. Ká ní oníbàárà ọgọ́rùn-ún ló wá, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún rí èsì ní ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdù, àwọn méjì tó kù dúró fún ogún sẹ́kọ́ǹdù. Ìpíndọ́gba wọn kò tó sẹ́kọ́ǹdù kan. Lójú rẹ, ó dára. Àwọn méjì yẹn ti ń bú ọ lórí X (Twitter àtijọ́). Fún irú èyí, yọ --statistic kúrò, fi --extended-statistic p99 rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bíi t2.micro ń ná kírẹ́díìtì. Bí kírẹ́díìtì bá tán, wọ́n á fa t2.micro wálẹ̀ sí 10% CPU. Sáfà á máa wọ́ bí ìgbín, àwọn oníbàárà á máa pariwo, aláàmù 85 rẹ ò sì ní ké láé, torí wọn ò jẹ́ kí ó dé 85. CPUCreditBalance ni kí o máa ṣọ́ níbẹ̀.

8. Rí i dájú pé ìpè náà dé etí èèyàn.

Tẹ `aws sns create-topic --name pajawiri` (àdírẹ́sì tó máa fún ọ ni $PAJAWIRI ìmọ̀ràn kejì), lẹ́yìn náà `aws sns subscribe` pẹ̀lú ímeèlì ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n AWS á kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ẹni yẹn pé ṣé ó gbà. Bí kò bá tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, kò sí ìpè kankan tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà yẹn sì fẹ́ràn láti sá sínú spam. Fi `aws sns list-subscriptions-by-topic` wò ó. Orúkọ tó bá ṣì ní PendingConfirmation níwájú, kò tíì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, mú kí aláàmù náà ké nígbà tí kò sí nǹkan tó ṣe sáfà:

aws cloudwatch set-alarm-state \
--alarm-name isanwo-web1-cpu \
--state-value ALARM --state-reason "idanwo"

Á pupa, á ránṣẹ́, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á padà sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Jókòó ti fóònù rẹ. Bí fóònù ò bá dún, òfin rẹ ò tíì di òfin. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí torí ó dà bí eré ọmọdé lójú wọn. Èmi ò gba òfin kankan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mọ̀ pẹ̀lú pé ìgbà tí ipò bá yí padà nìkan ló ń ránṣẹ́. Bó bá pupa ní alẹ́ Jímọ̀, tí ó sì wà ní pípupa títí di Mọ́ńdè, lẹ́tà kan ṣoṣo lo máa rí. Aago UTC sì ni wọ́n fi ń kọ àkókò sínú rẹ̀. Fi wákàtí kan kún un kí o tó sọ fún ọ̀gá pé aago méjì òru ló ṣẹlẹ̀.

9. Má jí ẹnikẹ́ni tí kò ní nǹkan ṣe.

Ọlọ́dẹ tó ń fọn fèrè nítorí gbogbo ewúrẹ́ tó bá kọjá, lóru tí olè bá dé, àdúgbò á kàn yí ìdúbúlẹ̀ padà ni. Rob Ewaschuk ló kọ orí tó sọ nípa èyí nínú ìwé tí àwọn ẹlẹ́rọ Google gbé jáde ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ńláńlá. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n tọ́ka sí níbẹ̀ pé kí a máa wò: bí èsì ṣe pẹ́ tó, iye èèyàn tó ń wá, iye àṣìṣe, àti bí ẹ̀rọ ṣe kún tó. Ó sì le mọ́ ọn pé ìpè tó bá ń jí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba kí èèyàn ronú, kó sì ṣe nǹkan lójú ẹsẹ̀.

Bí èmi ṣe ń dán ọ wò rèé: àyè wà fún ìlà --alarm-description nínú àṣẹ put-metric-alarm. Kọ ohun tí ẹni tí oorun ń kùn máa ṣe sí i. "Dísíìkì ti dé 90%: wọ sáfà, pa lọ́ọ̀gì tó ti ju ọjọ́ méje lọ." Bí o kò bá rí nǹkan kan kọ, kí ó lọ sínú ímeèlì àárọ̀, má jẹ́ kí ó kan fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí wọ́n fi gbogbo nǹkan sí i. Owó aláàmù kò pọ̀, mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, èyí tó bá lé jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́wàá dọ́là lóṣù. Oorun ọmọ ọlọ́mọ ló wọ́n.

10. Ṣọ́ owó náà.

Ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi dán nǹkan wò tó sì gbàgbé láti pa lè jẹ owó oṣù rẹ tán, dọ́là sì ni wọ́n fi ń kà á. Ìwọ̀n EstimatedCharges wà nínú AWS/Billing, ṣùgbọ́n us-east-1 nìkan ló ń gbé, ibi yòówù tí sáfà rẹ lè wà. Kọ́kọ́ lọ gbà á láyè nínú ètò owó àkáǹtì náà, kí o kọ --region us-east-1 sí àṣẹ rẹ, fi Name=Currency,Value=USD ṣe dimension, fi Maximum ṣe statistic. Ṣe méjì: ọ̀kan ní ìdajì owó tí o ń ná lóṣù, ọ̀kan ní gbogbo rẹ̀. Bí ti ìdajì bá ké ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, o ti mọ̀. Ìpè lásán ni o, kò ní bá ọ pa ẹ̀rọ kankan.

11. Wò ó láti ibi tí àwọn oníbàárà rẹ wà.

Ní March 14, 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ gàù. Sáfà tó wà ní Ireland lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe é; ẹni tó bá ń ti Ireland wò ó, OK ló máa rí. Oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn ò lè wọlé.

Nítorí náà, ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọ́fíìsì yín nílé níbí, tó ń kan ilẹ̀kùn sáfà náà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tó sì ń fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú put-metric-data. Bí okùn bá já, ìròyìn yẹn náà ò ní lè dé ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí breaching ìmọ̀ràn kẹfà fi gbọ́dọ̀ wà lára òfin rẹ̀. Fi nọ́ńbà ẹnì kan tó wà lókè òkun kún àwọn tó ń gba ìpè. Bí tiyín ò bá wọlé, ti ará London á wọlé.

12. Bí o bá di aláàmù lẹ́nu, tú u sílẹ̀ kí o tó lọ sílé.

Bí ẹ bá fẹ́ tún sáfà ṣe lóru, `disable-alarm-actions` á mú kí ó dákẹ́, `enable-alarm-actions` á sì dá ohùn rẹ̀ padà. Kọ méjèèjì sínú fáìlì iṣẹ́ kan náà, kí èkejì má baà dúró de ẹni tó máa rántí rẹ̀. Má fi kọ́kọ́rọ́ AWS rẹ sínú fáìlì yẹn o, àgàgà bó bá ń lọ sí GitHub. Fún iṣẹ́ náà ní role tirẹ̀ tí kò lágbára ju ohun tó fẹ́ ṣe lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ímeèlì tó bẹ̀rẹ̀, tẹ èyí:

aws cloudwatch describe-alarms \
--state-value INSUFFICIENT_DATA \
--query 'MetricAlarms[].AlarmName'

Orúkọ tó bá jáde níbẹ̀, yálà sáfà rẹ̀ ti kú tí ẹ ti fi òmíràn rọ́pò, tàbí ẹnì kan ṣi dimension kọ, tàbí agent ti sùn. Èyí tí sáfà rẹ̀ ti lọ, fi `delete-alarms` pa á rẹ́. Ìyókù, bẹ̀rẹ̀ láti orí list-metrics.